Orí Keje: Báwo Ni Orin Ṣe Ń La Atẹ́gùn Já Dé Etí Ẹni Tó Gun Alùpùpù?

Ẹni tó bá ra alùpùpù Gold Wing àtijọ́ tí rédíò rẹ̀ ti dákẹ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ gbé lọ bá rẹ́wáyà ni pé: rédíò wo ló lágbára jù tí mo lè fi rọ́pò èyí? Ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú. Kí ni orin ń bá pàdé lọ́nà, láti ẹnu sípíkà títí dé inú etí ẹni tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò sí ògiri tàbí òrùlé kankan láyìíká rẹ̀? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn ìyẹn á mọ ohun tó yẹ kó náwó lé. Á sì mọ ìdí tí rédíò tó ń kọrin geere nínú mọ́tò Corolla fi lè jóná lórí alùpùpù kó tó kọ orin kan parí.

Ẹ jẹ́ ká fi alùpùpù kan pàtó ṣe àpẹẹrẹ. Honda gbé Gold Wing GL1500 jáde ní 1988, wọ́n sì ń tà á títí di ọdún 2000. Ìlú Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ wà: àwọn tó máa ń ti ìpínlẹ̀ kan gun alùpùpù bọ́ sí òmíràn, tọkọtìyàwó lórí ìjókòó kan náà, ẹrù nínú àpótí mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà tó dùbúlẹ̀, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ó wúwo ju 350 kìlógíráàmù lọ. Ìkarahun oníke ńlá kan bo iwájú rẹ̀, gíláàsì gíga wà lókè ìkarahun náà, sípíkà méjì kọjú sí ẹni tó ń gùn ún, rédíò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sì wà láàárín wọn.

Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé lógún ọdún báyìí. Rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á ti dẹ̀, òmíràn á ti yọ́ bí ọ̀dà. Àwọn kapásítọ̀, ìyẹn àwọn agolo kéékèèké tó ń gba iná pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú rédíò, ní omi kẹ́míkà nínú. Omi náà á ti gbẹ. Oòrùn á ti jẹ fóòmù tó yí páálí sípíkà ká. Gbígbọ̀n á ti mú kí ojú ibi tí wọ́n fi léèdì jó pọ̀ sán díẹ̀díẹ̀, débi pé rédíò á máa sọ̀rọ̀, á máa dákẹ́, bí ọ̀nà bá ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì Gold Wing tilẹ̀ rọra jù nínú èyí, nítorí bí písítìnnì kan bá ń lọ sí ọ̀tún, èkejì rẹ̀ ń lọ sí òsì, agbára méjèèjì sì ń pa ara wọn rẹ́. Harley-Davidson, tí sílíńdà méjì rẹ̀ fẹsẹ̀ kọ́ra bíi lẹ́tà V, máa ń gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò tí wọ́n ṣe fún mọ́tò kò mọ irú gbígbọ̀n yẹn rí.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ni ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni ọ̀tá orin lórí alùpùpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń bo orin. Nígbà tí alùpùpù bá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ ni. Bí eré bá ti kọjá bíi 60 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń gbá etí akoto ló gba ipò náà. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu akoto kì í kọjá lọ ní tààrà. Ó máa ń yí po, á di ìjì kéékèèké tó ń já kúrò létí akoto lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Títì yẹn ni etí ń gbọ́ bíi híhó. Àwọn tó ti wọn ariwo yìí nínú akoto rí i pé ó máa ń tó 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ní eré bíi 60, ó sì máa ń kọjá 100 ní eré 120.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fẹ́ àlàyé díẹ̀, nítorí kì í ṣe òǹkà tí à ń rò bí owó. Bí agbára ìró bá di ìlọ́po mẹ́wàá, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 péré ló máa fi kún, etí á sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ròkè ní ìlọ́po méjì. Bí agbára náà bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 ló máa fi kún, ìyẹn sì kéré débi pé ẹni tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa lè má mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ibí ni owó ti ń ṣòfò. Ẹni tó yọ rédíò oníwáàtì 25, tó fi oníwáàtì 50 sí i, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 ló rà. Kó tó lè gbọ́ orin rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, wáàtì 250 ló máa nílò. Alùpùpù rẹ̀ sì ní láti kọ́kọ́ rí iná ọ̀hún.

Ariwo kì í sì í bo gbogbo ìró bákan náà. Ẹ ronú nípa ìdí ẹ̀rọ ata nínú ọjà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún gbùùùù. Bí ọkùnrin olóhùn ńlá bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ lo máa rí, o kò ní mọ ohun tó ń sọ. Ọmọbìnrin kékeré tó ń kiri omi tútù lókèèrè, tó fi ohùn tín-ín-rín pè, ohùn tirẹ̀ dé etí rẹ kedere. Ohùn ńlá ọkùnrin yẹn wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ìró ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì gbé e mì. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìbòmọ́lẹ̀ ìró: kí ìró kan wà síbẹ̀ ní tòótọ́, kí etí má lè yà á kúrò lára òmíràn tó lágbára jù ú lọ.

Inú etí lọ́hùn-ún la ti lè rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ihò kan wà níbẹ̀ tó ká bí ìkarahun ìgbín, omi wà nínú rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì tẹ́ láti ẹnu rẹ̀ dé ìdí. Ìró tín-ín-rín máa ń mi ibi tó sún mọ́ ẹnu ihò náà. Ìró ńlá máa ń wọlé lọ kó tó mi ibi tirẹ̀ nítòsí ìdí. Nítorí náà ìró ńlá ní láti gba orí ibùgbé ìró tín-ín-rín kọjá, bó bá sì lágbára jù, gbogbo awọ náà ló máa mì. Atẹ́gùn alùpùpù, híhó rẹ̀ pọ̀ jù ní apá ìsàlẹ̀. Ó ń bo ìlù ńlá àti gìtá báàsì mọ́lẹ̀ pátápátá nítorí ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ó sì ń da ohùn akọrin láàmú bó ṣe ń kọjá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á fa báàsì sókè. Mi ò rí ohun tó tún ń ba sípíkà alùpùpù jẹ́ tó ìyẹn. Ìró ìsàlẹ̀ ló ń jẹ iná jù lọ nínú orin, òun ló sì ń ti páálí sípíkà jìnnà jù síwá-sẹ́yìn. Sípíkà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kò lè borí ìjì ní apá tí ìjì ti lágbára jù. Ó sàn kí a dín báàsì kù, kí a tilẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ àwọn ìró tí kì í gbọ̀n tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí gbogbo iná tó wà lè lọ sí ibi tí etí ti mú jù, láàárín 2,000 sí 4,000. Ihò etí ènìyàn fúnra rẹ̀ gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, gígùn yẹn sì máa ń gbé ìró apá ibẹ̀ ga, bí fèrè ṣe ń gbé ohùn tirẹ̀ ga. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìró tó ń jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn wà.

Jíjìnnà sípíkà sí etí tún ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ. Nínú mọ́tò, ògiri àti gíláàsì máa ń dá ìró padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Lójú afẹ́fẹ́, ìró tó bá ti kọjá ti kọjá. Bí a bá dín àárín sípíkà àti etí kù sí ìdajì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 la jèrè, ìyẹn sì tó kí a sọ agbára ẹ̀rọ di ìlọ́po mẹ́rin, láìjẹ iná kankan sí i. Sípíkà tí a yí díẹ̀ kó lè kọjú sí iwájú orí dípò àyà máa ń jèrè púpọ̀ nínú ìró tín-ín-rín, torí irú ìró bẹ́ẹ̀ máa ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni. Bákan náà ni gíláàsì iwájú. Bí etí rẹ̀ bá kúrú, atẹ́gùn tó já kúrò lórí rẹ̀ á wá bá akoto lójú gan-an. Bó bá ga tó kí atẹ́gùn fò kọjá lórí akoto, ariwo inú etí á lọ sílẹ̀. Mo gbà pé kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan méjì kọ́kọ́ tún gíláàsì ṣe, kó tó ra ańpílífáyà.

Ọ̀rọ̀ ìlera etí wọ ibí yìí. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà gbà pé ènìyàn lè wà nínú ariwo 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé e, àkókò náà á dín kù sí ìdajì. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ìrìn àjò alùpùpù sì máa ń gba gbogbo ọjọ́. Ẹni tó bá wá gbé orin ga kó lè borí 100, ó ń fi ewu lé ewu ni. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé ẹni tó fi ìdí-etí fóòmù sí etí máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú sípíkà kedere ju ẹni tí kò fi sí i. Ìdí-etí náà ń dín orin àti ariwo kù papọ̀, àmọ́ ó ń dá awọ inú etí padà sí ibi tó ti lè ya ìró sọ́tọ̀ síra wọn. Awọ tí ariwo ti tì dé òpin kò lè ṣe ìyẹn mọ́.

Ó kù sí apá iná, níbi tí rédíò tuntun ti máa ń kú. Bátìrì alùpùpù ń fúnni ní bíi fóòtì 12. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á gùn dé bíi 14. Rédíò àtijọ́ máa ń so ẹsẹ̀ kan sípíkà mọ́ áàtì, ìyẹn irin ara alùpùpù, á sì máa ti ẹsẹ̀ kejì nìkan sókè sódò. Ohun tó lè fà jáde báyìí kò ju bíi wáàtì 6 lọ lórí sípíkà óòmù 4. Rédíò òde òní kì í so ẹsẹ̀ kankan mọ́ áàtì. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń tì: bó bá ti ọ̀kan sókè, á fa èkejì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Títì náà di ìlọ́po méjì, iná tó ń ṣàn sì di ìlọ́po méjì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Mo pe èyí ní ìtì-lápá-méjì. Òun ló jẹ́ kí rédíò kékeré lè mú nǹkan bíi wáàtì 20 jáde lẹ́nu sípíkà kọ̀ọ̀kan láti inú bátìrì kan náà. Wáàtì 50 tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá kan tí gbogbo nǹkan bá lọ dé góńgó, tí ìró sì ti dàrú. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ orin níbẹ̀.

Wàyí o, wáyà tó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ ni wọ́n ṣe fún ọ̀nà ti àkọ́kọ́. Wáyà òdì sípíkà ọ̀tún àti ti òsì lè ti di ọ̀kan níbì kan nínú ìkarahun, kí wọ́n sì wọ irin lọ. Bí rẹ́wáyà bá já rédíò àtijọ́, tó sì so tuntun mọ́ àwọn wáyà yẹn bí wọ́n ṣe wà, ẹsẹ̀ kejì tí rédíò ń tì ti kan áàtì nìyẹn. Iná á gba ibẹ̀ ṣàn láìsí ìdènà, ìṣù kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ańpílífáyà á gbóná, á sì kú. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ká já sípíkà kúrò lára rédíò, ká fi ẹsẹ̀ kan lára mítà tí a fi ń yẹ iná wò kan wáyà sípíkà, ká fi èkejì kan irin ara alùpùpù. Bí mítà bá dún, wáyà tuntun ni kí a fà fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, méjì méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Óòmù náà yẹ ní wíwò. Ó ń sọ bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó; bí óòmù bá kéré, iná á ṣàn púpọ̀. Sípíkà Harley ti 2006 sí 2013, tí Harman Kardon ṣe, jẹ́ óòmù 2. Rédíò tí wọ́n ṣe fún óòmù 4 máa ń gbóná jù bó bá ń gbé irú ẹrù yẹn, pàápàá nínú ìkarahun oníke tí oòrùn ti pa láti àárọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì ráàyè wọ ibẹ̀.

Wáyà méjì ló ń gbé iná wọ inú rédíò: yẹ́lò ń gba iná láti ara bátìrì nígbà gbogbo kí rédíò má bàa gbàgbé àwọn iléeṣẹ́ tí a ti tẹ̀ sínú rẹ̀, pupa ń gba iná nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ nìkan. Bátìrì alùpùpù kéré: ti GL1500 kò ju bíi ámpíà-wákàtí 20 lọ. Bí wáyà yẹ́lò bá ń fa ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ámpíà péré, láàárín ogójì ọjọ́ ó ti jẹ ìdajì bátìrì tán. Ní Ohio, níbi tí yìnyín ti ń sọ alùpùpù di ohun ìpamọ́ fún oṣù mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń bá bátìrì tó ti kú nìyẹn. Kí fíúsì wà nítòsí bátìrì gan-an, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ bó bá gé tó sì kan irin.

Bí orin bá wá ń jáde, àmọ́ tí ariwo tín-ín-rín kan ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gòkè, ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì níná ni. Iná tó ń mú jáde máa ń lọ síwá-sẹ́yìn. Wọ́n ń sọ ọ́ di alọ́nà-kan kó tó dé bátìrì, ṣùgbọ́n ìgbì díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Bí áàtì rédíò bá wà níwájú, tí ti ańpílífáyà wà nínú àpótí ẹ̀yìn, irin tó wà láàárín wọn ń gbé iná ti fìtílà iwájú, ti fáànù àti ti nǹkan mìíràn. Ìgbì yẹn á gba ibẹ̀ wọ inú orin. Ká kó gbogbo áàtì jọ sójú kan, lórí ẹsẹ̀ òdì bátìrì, ló ń wò ó sàn jù.

Ti àyè kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Rédíò mọ́tò tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 180, ó ga tó 50, ìwọ̀n tí àwọn ará Jámánì fi lélẹ̀ tí gbogbo ayé sì gbà. Ihò ojú Gold Wing kò bá a mu, nítorí náà wọ́n ń ta férémù tó ń so méjèèjì pọ̀. Nítorí òjò, ká wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́tà IPX tó wà lára rẹ̀ ń sọ bí omi ṣe lè tó kó tó wọ̀ ọ́: IPX5 lè fara da omi tí a fi okùn rọ́bà tú sí i.

Ohun tó ń sọnù láìròtẹ́lẹ̀ ló yẹ kí a kà kí a tó yọ ohunkóhun. Rédíò GL1500 ni ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ híẹ́ẹ̀dìsẹ́ẹ̀tì oníhò márùn-ún. Lára ọ̀pọ̀ wọn, òun náà ló ń gbé ohùn ga fúnra rẹ̀ bí eré bá ń pọ̀, tó sì ń gbọ́ràn sí bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Rédíò tuntun kò mọ ìkankan nínú wọn. Nítorí ìyẹn ni àwọn kan kì í fi í yọ rédíò àtijọ́ tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ihò tí kásẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ mìíràn ń gbà wọlé ni wọ́n ń fi gba orin láti orí fóònù. Mo fara mọ́ wọn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra rédíò tòkunbọ̀ ní ọjà Ladipo ní Èkó, kó tẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Japan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 76 lórí FM, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń dúró ní 90, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Yorùbá sì wà lókè ìyẹn. Éríà náà ṣe pàtàkì: ìgbì FM gùn tó mítà mẹ́ta, ọ̀pá tó gùn tó ìdá mẹ́rin rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 75, ló ń gbá a mú dáadáa, àmọ́ ó nílò irin ńlá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ike ni ìkarahun alùpùpù. Ìdí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ ní wáyà áàtì tirẹ̀ tó dé ara irin.

Kí a tó dá àwọn ìdè ìkarahun padà, ká ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, ká jẹ́ kó ròkè díẹ̀, ká fetí sí sípíkà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ká yí ọwọ́ alùpùpù sí ọ̀tún títí yóò fi dúró, ká yí i sí òsì bákan náà, ká máa wo wáyà bọ́tìnnì bó ṣe ń nà. Èyí tó bá le tantan níbẹ̀ máa já lójú ọ̀nà, àyè sì wà láti tún un fà nísinsìnyí tí ìkarahun ṣì wà nílẹ̀.